Fọ́tò Ọjọ́ Lásán

Ẹ ṣí álíbọ́ọ̀mù ilé Yorùbá èyíkéyìí, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ló kún inú wọn. Ọkọ àti ìyàwó nínú aṣọ òkè. Ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọjáde. Bàbá tó jókòó sórí àga, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tó gẹ fìlà sápá kan. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ nínú aṣọ ẹbí, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ojú wọn le koko. Ìsìnkú, ìṣílé, ìwúyè, fírídọ̀ọ̀mù. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kan bá béèrè pé iṣẹ́ wo ni bàbá yìí ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí báwo ni ìyá yìí ṣe máa ń jókòó tó bá wà nídìí iná, álíbọ́ọ̀mù ò ní èsì kankan.

Irú ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. N kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí mo bá yà, mi ò sì ní kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù ọwọ́ mi ni, àti kámẹ́rà kékeré kan tí ẹnìkan ti lò rí kí n tó rà á. Bàbá mi tó ti di olóògbé, fọkanáísà ni wọ́n, abẹ́ igi kan ní Mọ́níyà ni wọ́n pàtẹ sí. Àwọn ọmọ mi ò bá wọn láyé, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ wọ́n. Mo máa ń ròyìn fún wọn bí bàbá ṣe máa ń yọ tíúbù nínú táyà, tí wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tí wọ́n á rì í bọ inú ọpọ́n omi díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á máa yí i, tí ojú wọn ò ní kúrò lára omi títí wọn ó fi rí ibi tó ti ń hó. Wọ́n á fi ìka kan tẹ ojú ibẹ̀ pinpin, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ kejì wá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí i. Àwọn ọmọ á gbọ́ tán, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká rí i." Fọ́tò tó wà nílé, bàbá nínú léèsì funfun níbi ìgbéyàwó àbúrò mi ni. Fọ́tò tó dára ni, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Kò sí ọpọ́n omi níbẹ̀.

Mi ò bá àwọn tó ya fọ́tò ìgbà náà jà o. Fíìmù kan, fọ́tò 24 tàbí 36 ló wà nínú rẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń rà á, owó ni wọ́n sì tún fi ń fọ̀ ọ́. Ta ni yóò yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé? Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wẹ̀, á wọ èyí tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, á lọ jókòó ní sítúdíò níwájú aṣọ tí wọ́n kun òdòdó àti àtẹ̀gùn sí, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Ó fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun rí òun bí ẹni iyì. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe fáàrí.

Ìlá Ọ̀ràngún ló jẹ́ kí n mọ bí ìfẹ́ náà ṣe jìn tó. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ bá àwọn onífọ́tò ìlú náà jókòó, ó sì kọ nípa iṣẹ́ wọn. Marilyn Houlberg náà ti kọ nípa ìbejì ṣáájú rẹ̀, ní 1973. Ohun tí wọ́n rí nìyí: tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ìyá á gbé èyí tó kù lọ sí sítúdíò. Onífọ́tò á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á wá fọ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Tó bá ṣe pé ọkùnrin lèyí tó lọ, tí obìnrin sì kù, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un nígbà kejì. Ní ilé àwọn kan, fọ́tò yìí ló gba ipò ère ìbejì. Mo máa ń ronú nípa onífọ́tò náà nínú yàrá dúdú rẹ̀, tó rọra ń to ọmọ kan méjì síra wọn kí ìyá rẹ̀ lè rí wọn papọ̀. Ìran wa mọ iyì fọ́tò tipẹ́. Ọjọ́ lásán nìkan ni kò rí àyè nínú rẹ̀, nítorí owó. Ní báyìí tí fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa, owó ò tún dí wa lọ́nà mọ́.

Ọ̀dọ̀ Màámi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Aago mẹ́rin ìdájí ni iná ti máa ń jó lábẹ́ ìkòkò. Mo bá wọn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé àpótí, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

"Kí lo fẹ́ fi mí ṣe láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Mo fẹ́ yà yín ni, Màámi."

"Bí mo ṣe wà yìí? Tọ̀bí ni mo ró. Jẹ́ n lọ wọ bùbá."

Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé ọwọ́ wọn ni mò ń yà. Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ tó ti jinná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ òsì á mú ewé eéran, á ká a sínú ara rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè ṣe ṣóńṣó. Ọwọ́ ọ̀tún á ti bu ẹ̀kọ látinú ìkòkò, á dà á síbẹ̀ láìkán sílẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ etí ewé wọlé, wọ́n á pa ìyókù dé, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú agbada pẹ̀lú ìṣẹ́po rẹ̀ nísàlẹ̀ kó má baà tú. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ooru ẹ̀kọ ń gun ọwọ́ wọn, wọn ò yọ ọ́ kúrò. Mo ti ń jẹ ẹ̀kọ yìí láti kékeré, àmọ́ n kò tíì wo ìka àtàǹpàkò wọn rí, bó ṣe máa ń di ewé mú kí ìkejì tó dé. Nígbà tí mo gbé fóònù sójú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan bíi mẹ́ta lèèyàn gbọ́dọ̀ ní sùúrù dè: ìmọ́lẹ̀, ọwọ́, àti ìgbà tí ẹni náà á gbàgbé rẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ya òun á gbé ara dúró, á ṣe ojú mìíràn. Má bá a jà. Ya èyí tó ṣe yẹn fún un, fi hàn án, kí inú rẹ̀ dùn. Kó o wá jókòó síbẹ̀, kó o máa bá a sọ̀rọ̀ ohun mìíràn. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ á pè é padà.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn dára ju ìmọ́lẹ̀ fóònù lọ. Jẹ́ kí ẹni tó ò ń yà kọjú sí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé, kí ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára, ó máa ń da òjìji sínú ihò ojú. Àárọ̀ àti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dára, nígbà tí oòrùn bá ti tẹ̀. Ọyẹ́ tó ń bó wa létè náà wúlò, nítorí eruku rẹ̀ máa ń sẹ́ oòrùn, gbogbo nǹkan á rọ̀. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù lọ, oṣù January ni mo ya púpọ̀ nínú wọn. Ní ibi ìdáná, máa nu ojú kámẹ́rà nígbà gbogbo, torí ooru omi á máa bò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa, tí ó máa ń dùn mí. Fóònù a máa wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ kó tó pinnu bí ìmọ́lẹ̀ tó máa gbà wọlé ṣe máa pọ̀ tó. Tí ẹni dúdú bá dúró níwájú ògiri funfun, tàbí tó kẹ̀yìn sí fèrèsé, fóònù á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni náà á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; fà á sókè díẹ̀ títí wàá fi rí bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni ètò ìṣaralóge tí wọ́n ti tàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fóònù, tó máa ń fọ ara èèyàn funfun, tó sì máa ń nu ohun gbogbo kúrò lójú. Pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Màámi. Ètò yìí máa ń nù ún bí ẹni nu ìdọ̀tí. Ilà tí bàbá wọn ní kí wọ́n kọ fún wọn, tí kò sí ọmọ tí wọ́n ń kọ ọ́ fún mọ́ nínú ilé wa, ni ẹ̀rọ kan fẹ́ pa rẹ́ kó tó tó àkókò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fi fóònù lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun ya ìyá òun, ètò yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ pa.

Ẹni tí mo máa ń wo iṣẹ́ rẹ̀ jù ni J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1930, tó sì kú ní 2014. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie, irú èyí tí Kodak ti ń ṣe láti 1900 kí àwọn tí kò lówó náà lè ní kámẹ́rà. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ ní iná. Ó ṣiṣẹ́ níbí ní Ìbàdàn, ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba àti ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó tó kó lọ sí Èkó. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin: ṣùkú, onílé gogoro, pátẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀. Ó ń yà wọ́n ní títì, níbi iṣẹ́, lóde àríyá, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, tí a ò rí ojú ẹni tó ni orí rárá. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yà tó ẹgbẹ̀rún kan. Irun tí wọ́n ń tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló rò pé ó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Òótọ́ ló sì rò, torí púpọ̀ nínú àwọn irun yẹn, fọ́tò rẹ̀ nìkan la fi lè mọ̀ wọ́n lónìí.

Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé kéèyàn dúró ti nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, lágbàálé wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń di irun àwọn ọmọ ilé fún ìsìn ọjọ́ kejì. Mo ti ń ya ìdirun yẹn láti ìgbà tó ti pẹ́. Ọmọ á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀gbọ́n mi, á gbé orí lé itan. Ìyarun á wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, òróró á wà nínú ìdérí ìgò. Wọ́n á la irun, wọ́n á fi òróró sí ojú ìlà náà, wọ́n á fà á; ọmọ á ṣẹ́ ojú, á gbé èjìká sókè, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ó ti ku díẹ̀," kò sì ku díẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá fi máa dé ìpàkọ́, ọmọ á ti sùn. Mo ní fọ́tò ọmọ kan lọ́wọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan etí ẹní títí di ìsinsìnyí tí òun náà ti ń di ti àbúrò rẹ̀. Tí mo bá to àwọn fọ́tò náà síra wọn, èèyàn á rí bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọjá sínú ọwọ́ ọmọ náà. Fọ́tò kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹn hàn.

Níta ilé, kíkí ló ṣáájú kámẹ́rà. Ní Ọjà Ọba tàbí ní Bódìjà, ẹni tó bá kàn yọ fóònù sí àwọn ìyá ọlọ́jà, èébú ni yóò gbà, ó sì tọ́ sí i. Wọn ò mọ ibi tó fẹ́ gbé ojú wọn lọ, wọ́n sì ti gbọ́ ìtàn àwọn tó ń fi fọ́tò ẹlòmíràn lu jìbìtì. Mo máa ń kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa. Ajé á wọ̀gbá." Mo máa ń ra nǹkan. Mo máa ń sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá ní rárá, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kì í sì bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó bá gbà, mo máa ń fọ tiwọn fún wọn. Ìyá aláta kan tó kọ̀ fún mi jálẹ̀, nígbà tó rí fọ́tò tí mo gbé wá fún ẹlẹ́lùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí padà pé ṣé ata òun kò pupa tó ni. Àwọn nǹkan kan wà tí n kì í yà bó ti wù kí wọ́n gbà fún mi tó: ọmọ tó ń wẹ̀, ẹni tó ń sunkún, ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn. Ọmọ ọlọ́mọ, n kì í gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó kù ni ká fọ fọ́tò, kò sì sí ibi tí mo ti máa ń pariwo tó èyí. Obìnrin kan wà ní Chicago tó ń jẹ́ Vivian Maier, iṣẹ́ títọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ló fi jẹun. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri ìgboro fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ya àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ohun tó yà lé ní 100,000, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì fọ̀ rárá. Ní 2007 ni wọ́n ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo nítorí pé kò san owó ibi tó kó wọn sí. Ó kú ní 2009, ayé ò tíì mọ̀ ọ́n. Orí ló bá fọ́tò wọ̀nyẹn ṣe é tí ẹni tó rà wọ́n fi mọyì wọn. Fóònù tiwa ò lè ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà á já a gbà lọ, á bọ́ sínú omi, ọmọ á tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo rẹ̀ á lọ.

Lóṣooṣù ni mo máa ń yan díẹ̀, tí mo máa ń gbé e lọ fọ̀. Onífọ́tò òde àríyá kan ládùúgbò wa ló ń bá mi fọ̀ ọ́. Ọ̀kan lára àwọn tó máa ń ya àwọn àlejò nígbà tí wọ́n bá ń wọlé ni, tí wọ́n á fọ fọ́tò lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní kí kálukú wá mú tirẹ̀ kó sanwó. Òun ló kọ́ mi pé tí n bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, kí n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún un mọ́lẹ̀, tí kò sì ní dára tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Òun náà ló ní kí n yẹra fún álíbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù nínú, torí tó bá pẹ́, fọ́tò á lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Pẹ́ńsùlù ni mo fi máa ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀, rọra, torí yíǹkì báírò lè jẹ dé iwájú: orúkọ, ibi, ọdún, àti ohun tí ẹni náà ń ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn kì í kọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ọmọ tó ń bọ̀ máa béèrè.

Nígbà tí mo fọ fọ́tò ọwọ́ Màámi, mo gbé e fún wọn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyá mi rèé." Mo ní ọwọ́ tiwọn ni. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé o rí bí ìka yìí ṣe tẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe rí." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyá wọn fún mi, ẹni tí kò ní fọ́tò kankan láyé, bó ṣe máa ń ru ẹ̀kọ lọ sí ọ̀nà oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìtàn tí mi ò gbọ́ rí ni, láti gbogbo ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ wọn. Báyìí, tí àlejò bá wá, fọ́tò ọwọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú jáde, kí wọ́n tó mú ti ọjọ́ ọgọ́rin ọdún wọn.

Ọ̀rọ̀ ti dé etí àdúgbò. Ìyá aránṣọ tó wà ní ìkángun òpópó wa, tó ti rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn tó ti ń bí ọmọ báyìí, ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní kí n má tètè dé, pé àwọn á kọ́kọ́ lọ di irun, àwọn á sì wọ léèsì tí ọmọ àwọn rà fún àwọn. Màá ya ti léèsì fún wọn, lórí àga, pẹ̀lú gèlè, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni màá mú yúnífọ́ọ̀mù ọmọ mi tó ya lápá jáde nínú báàgì, màá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi rán an.